Àgọ́ Tó Gba Ẹnì Kan

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí o bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù tòkunbọ̀ ní Alábà, wàá mọ èyí tí mò ń sọ: òórùn kánfọ̀, òórùn rọ́bà, àti òórùn òjò ìlú kan tí èmi àti ìwọ kò dé rí. Ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí àwọn àgọ́ méjèèjì. Ọ̀kan tóbi, ó láwọ̀ ewé, ẹni méjì ló gbà. Èkejì kéré, ó láwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, bí wọ́n bá sì ká a tán, kò ju ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́ lọ. Mo ń fọwọ́ pa èyí kékeré lára títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Sista, carry the two go house jàre. Ẹ lọ try wọn. Èyí tí ò bá wù yín, ẹ gbé e padà wá lọ́la. No be today I know you."

Lóòótọ́ ló mọ̀ mí. Ọ̀dọ̀ mi ní Òkókó, níbi tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ló ti ń ṣe gbogbo fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Mo so àgọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù mi, mo forí lé Ìbà. Èyí ńlá ń fà mí sẹ́yìn ní gbogbo ibi tí mo bá ti yà, ó ń mì tìtì bí aláboyún tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Ti èyí kékeré, mo tilẹ̀ gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé alùpùpù ńlá ni mo ní o, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀kadà lójú mi, ìjà ló ń wá. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń fi alùpùpù rìnrìn àjò fún ìgbádùn. Láàárọ̀ Sátidé, a ó gba Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ sí Àgbádárìgì, a ó jẹ ẹja, a ó padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n àwọn ìrìn àjò tí wọ́n ti ń sùn sínú àgọ́, mi ò bá wọn lọ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo dáhùn pé, "Màmá mi ò ní gbà." Ìdànrè ni wọ́n ní àwọn ń lọ lẹ́ẹ̀kẹrin yìí, ọkàn mi sì ti lọ síbẹ̀ ṣáájú mi. Bí mo bá ń tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú mi a kúrò lára kọ̀ǹpútà, màá rí òkè tí kùrukùru bò, màá rí ara mi tí mò ń ti inú àgọ́ yọrí jáde lówùúrọ̀. Mo fẹ́ lọ débi pé ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi kò bá wúre fún mi, mi ò ní lọ, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ọdún méjì ṣáájú ni bàbá mi kú, ó wá ku èmi àti ìyá mi nínú fúláàtì wa ní Ìbà Estate. Láti alẹ́ ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń sùn ní yàrá ìyá mi. Mo ti sọ fún ara mi pé obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ kò ní lè dá sùn mọ́, àti pé mímí tèmi nìkan ló kù tí yóò máa gbọ́ lóru. Torí náà ni mo fi dá ọgbọ́n kan. Àgọ́ ńlá ni màá mú, màá sì sọ fún wọn pé ààyè tiwọn wà níbẹ̀, pé lọ́jọ́ kan àwọn náà á bá mi lọ. Mo mọ̀ pé ìyá mi kò ní gun alùpùpù láyé. Mo kàn fẹ́ kí àgọ́ náà bá mi sọ ọ́ pé mi ò fi wọ́n sílẹ̀ ni.

Aládùúrà ni ìyá mi, onísùtánà, ará Ìlaròó. Kò sí ohun tuntun tó wọlé wa tí wọn kì í wọ́n omi àdúrà sí, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàdúrà sí ohun tí wọn ò bá tí ì yẹ̀ wò nínú lóde. Nígbà tí a ra fíríìjì, orí ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó ṣe àmín. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ ti Ìdànrè, tí mo sì fi ẹrù hàn wọ́n, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n ní, "Lọ pa á kí n wọ inú ẹ̀ wò."

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Mo pa àgọ́ méjèèjì sórí koríko ẹ̀yìn ilé, mo fi òkúta gbá èèkàn wọn wọlẹ̀. Ìyá mi jáde wá nínú sùtánà wọn, torí ìsìn ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń múra lọ, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi tẹ koríko náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wọ inú ilé Ọlọ́run. Wọ́n kọ́kọ́ wọ èyí ńlá. Wọ́n jókòó, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́.

"Màmá, ẹ ò rí i pé ó gbà wá? Ẹ̀yin níhìn-ín, èmi lọ́hùn-ún."

"Ó fẹ̀. Ó ku àga alùfáà."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rá wọ èyí kékeré. Wọ́n nà gbalaja, ó ku àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì níta. Mo dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀. Oòrùn ń gba ara aṣọ àgọ́ náà kọjá, sùtánà funfun yẹn sì ti di àwọ̀ ọsàn, ojú wọn náà di àwọ̀ ọsàn, gbogbo inú ibẹ̀ dà bí inú èso tí a kò tí ì bó. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, aṣọ náà fẹ̀, ó súnkì, ó tún fẹ̀. Mo gbọ́ ìpè àdúrà Alásárì láti ọ̀nà Igbó-Elérin, mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan kú lójijì, lẹ́yìn èyí kò sí ohun tó dún mọ́. Ìyá mi ti sùn lọ. Èmi náà jókòó sórí koríko, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó, n kò sì fẹ́ mọ̀.

Bàbá tó ń gbé òkè wa, ọmọ Ọ̀jọ́ gidi, ló ti mọ́sálásí dé. Wọ́n rí àgọ́, wọ́n rí aṣọ funfun, wọ́n rí ẹsẹ̀ méjì tí kò mira.

"Inna lillahi! Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Kí n tó lanu, ohùn ìyá mi ti inú àgọ́ jáde. "Àlájì, mi ò tí ì kú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sùn."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí bàbá náà kí wọ́n tó dé òkè. Ìyá mi fa ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n fa síìpù, wọ́n tún sùn. Ìsìn bẹ̀rẹ̀, ìsìn parí. Nígbà tí wọ́n jáde, ìlà aṣọ ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ojú wọn sì mọ́ bí mi ò ṣe rí i láti ọdún méjì.

Wọ́n ní, "Èyí ni kí o mú."

"Màmá, ẹnì kan ló gbà."

"Mo mọ̀. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀?"

"Ta ló máa wá bá yín sùn tí mo bá lọ?"

Wọ́n wá jókòó tì mí.

"Àbẹ̀ní, lálẹ́ ọjọ́ tí a sin bàbá ẹ, ìwọ lo gbé ìrọ̀rí wá kan ilẹ̀kùn mi. Èmi ò pè ọ́. Mo ní ẹ̀rù ló ń ba ọmọ mi, kí n má lé e. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti dákẹ́ lóru, wàá tanná, wàá ní, 'Màmá, ṣé ẹ ti sùn?' Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ sí Ìdànrè ẹ, kí n ráyè sùn."

Ojú tì mí, mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí. Wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n sunkún tẹ́rùn kí wọ́n tó lọ bu omi àdúrà wá. Wọ́n wọ́n ọn sí àgọ́ kékeré náà, wọ́n wọ́n ọn sí mi lórí. Wọ́n ní màá lọ ire, màá bọ̀ ire, ilẹ̀ tí mo bá sùn lé kò ní kọ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì, mo dá àgọ́ ńlá padà sí Alábà.

Láàárọ̀ Sátidé tí mo gbéra, mo bojú wẹ̀yìn kí n juwọ́ sí wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú fèrèsé. Ìyá mi ti padà sórí ibùsùn. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé Ìjẹ̀bú-Òde, orin ni mò ń kọ nínú àṣíborí mi.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé nítorí ẹnì kan ni mi ò ṣe lè ṣe ohun tí mo fẹ́, mo máa ń lọ bi ẹni náà ná, bóyá òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ìyá mi ni kò gbà, n kò sì bi ìyá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń fi orúkọ wọn pe ẹ̀rù ara mi.