Ríìmù Méjì, Afárá Kan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè dá korobá omi gbé karí, mo rò pé kò sí ìlú tí kò ní àgbàlagbà kan tí ń sọ ìtàn rélùwéè fún àwọn ọmọdé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òkè-Ògùn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí dé Kìṣí, kò sí ojú irin kankan lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ ojú irin, àfi kó lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré kan lápá Ọ̀fà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó rélùwéè bọ̀ wálé pẹ̀lú ara rẹ̀. Fèrè rẹ̀ wà lọ́rùn, aago rẹ̀ wà nínú àpò, àsíá pupa àti àsíá àwọ̀ ewé wà nínú àpótí. Bí wọ́n bá fi ìpàdé ẹbí sí aago mẹ́rin, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní aago márùn-ún, wọn kò ní bá a níbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ pè é nílé, á ní, "Ọkọ̀ ti ṣí."

Ohun tó máa ń sọ fún wa jù lọ ni ọ̀rọ̀ òrùka irin kan. Ó ní láàárín ibùdókọ̀ kan sí èkejì, ojú irin kan ṣoṣo ló wà, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló sì ń gbà á. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, òrùka ńlá kan wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kó tó lè wọ ojú irin náà. Bí òrùka bá wà ní ọ̀hún, awakọ̀ á dúró, ì báà jẹ́ gómìnà ló gbé. Bàbá Àgbà á na apá rẹ̀ gbọọrọ láti fi hàn wá bí òun ṣe ń gbé òrùka náà sókè fún awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò dúró tán, tí ilẹ̀ ń mì, tí èéfín bo òun mọ́lẹ̀. Ẹnu wa kì í padé. Pé irin tó gùn tó òpópónà kan, tó kó èèyàn tó kún ọjà, lè dúró jẹ́ẹ́ nítorí òrùka tí ọmọdé lè gbé, ohun ìyanu gbáà ni lójú mi. Ó ṣì jẹ́ ìyanu lójú mi títí di òní.

Afárá kan wà lẹ́yìn ìlú wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀, àárín rẹ̀ sì wú sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, débi pé ẹni tó wà níhìn-ín kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Lásìkò iṣu tuntun, ọkọ̀ méjì á kan ara wọn láàárín, ariwo á sì sọ.

"Ìwọ, padà!"

"Èmi tí mo kó iṣu láti Kìṣí ni kí n padà fún ìwọ tí o kó afẹ́fẹ́?"

Ó sú Bàbá Àgbà. Lọ́jọ́ kan ó mú ríìmù kẹ̀kẹ́ kan, ó tú gbogbo sípóòkù rẹ̀ kúrò, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó ní àṣẹ afárá nìyẹn. Òun dúró ní etí afárá tó kọjú sí ìlú. Ìyá mi, tó ń din àkàrà ní etí kejì, ń bá a ṣọ́ ọ̀hún. Awakọ̀ tó bá gba ríìmù ló lè wọ afárá, tó bá dé òdìkejì, á gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà, èmi tàbí ìyá mi á fẹsẹ̀ rìn gbé e lọ.

Àwọn awakọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. "Bàbá Rélùwéè, ojú irin dà?"

"Ó wà lábẹ́ táyà rẹ. Dúró."

"Ẹ wò ó, Bàbá, kò sẹ́ni tó ń bọ̀."

"Ojú rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ríìmù kò tíì sọ ọ́. Ojú máa ń tan èèyàn, ríìmù kì í tan èèyàn."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà. Mo rí àwọn ọkùnrin tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi òrí, tí wọ́n ń jẹ àkàrà, tí wọ́n ń dúró de ríìmù kẹ̀kẹ́. Ìjà tán lórí afárá yẹn.

Èmi náà ní ríìmù tèmi, bí gbogbo ọmọdé ìgbà náà, tí mò ń fi igi lé káàkiri àdúgbò. Mo wá fi ẹfun pa á kó lè jọ ti Bàbá Àgbà. Mo máa ń dúró lẹ́yìnkùlé, mo máa ń ní kí àwọn ewúrẹ́ dúró. Wọn kì í dúró.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Àgbà fẹ́ lọ kírun. Ríìmù gan-an wà ní ọ̀hún lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó fi mí jókòó sábẹ́ igi òrí tó wà ní etí afárá tiwa, ó ní, "Bí ọkọ̀ bá dé, sọ fún wọn kí wọ́n dúró. Má ṣe sọ nǹkan mìíràn." Ríìmù eré mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kò pẹ́ sí i, awakọ̀ kan dé pẹ̀lú ẹrù iṣu, ọkùnrin méjì sì jókòó sórí iṣu náà. Mo mọ awakọ̀ yìí dáadáa, nítorí ó máa ń ju ìrèké sí mi láti ojú fèrèsé.

"Ìyàwó mi, bàbá ẹ dà?"

"Wọ́n ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní kí ẹ dúró."

Ó wo ríìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba bí ẹni tó wà níwájú ọba. "Ọ̀gá Rélùwéè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá láyè. Ṣebí ríìmù ló wà lọ́dọ̀ yín yìí."

Àwọn tó wà lórí iṣu bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tó pè mí ní ọ̀gá rí. Gbólóhùn kan ló yẹ kí n sọ, pé eré ni mo ń fi ríìmù náà ṣe. N kò sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí Bàbá Àgbà ti máa ń ṣe, mo sì sọ ohun tí òun máa ń sọ: "Ọ̀nà ti là."

N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó gbà mí gbọ́ tàbí ó kàn ń bá mi ṣeré. Ó gbé mi sí iwájú ọkọ̀ kí n lè gbé ríìmù padà, ó sì fi kọ́ mi lọ́rùn. A gun afárá. Bí a ti dé ibi tó wú yẹn, imú ọkọ̀ kan yọ sí wa láti òdìkejì. Ríìmù Bàbá Àgbà wà lára dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, funfun báláú. Mo rí i kedere. Ríìmù méjì wo ara wọn.

Awakọ̀ wa yà fún un. Irin ẹ̀gbẹ́ afárá kò lè dá wa dúró, a sì já sínú odò. Odò kún lásìkò náà. Ohun tí mo rántí ni pé iṣu ń léfòó yí mi ká, àti pé ẹnì kan di ríìmù tó wà lọ́rùn mi mú, ó fi wọ́ mi jáde. Ọmọ iṣẹ́ inú ọkọ̀ kejì ni. Awakọ̀ wa kò jáde láàyè. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí iṣu kò jáde láàyè.

Bàbá Àgbà sáré dé láìwọ bàtà, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ríìmù méjèèjì sórí koríko. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ta ló ni èkejì?" Omi ti fọ ẹfun kúrò lára tèmi, ìpẹtà rẹ̀ ti hàn. Ó wò mí. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti kọjú sí àwọn èèyàn.

"Èmi ni kí ẹ bi," ló sọ. "Ní rélùwéè, ẹni tó fi ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń bi. Wọn kì í bi ọmọdé."

Kò dúró létí afárá mọ́. Kò fọn fèrè mọ́. Nígbà tó yá, ìjọba kọ́ afárá tó fẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti kú kó tó dìgbà náà. N kò sọ fún un pé èmi ni mo sọ fún awakọ̀ pé, "Ọ̀nà ti là." N kò sọ ọ́ fún ìyá mi náà. Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún báyìí.

Ẹ̀rù ti ń bà mí láti ọjọ́ náà. N kì í fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà. Bí ọmọ kan bá bi mí pé ṣé kí òun sọdá títì, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń dì mú, n kì í dá a lóhùn. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rélùwéè kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá dé Ìbàdàn, mo máa ń lọ dúró lókèèrè kí n lè rí ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá, bí ẹni tó lọ wo erin.

Mo sì máa ń ronú nípa ìlú wa. Àwọn èèyàn ní a kò ní òfin. Òfin wà. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo wa la ní ríìmù tiwa nílé, tí a fi ẹfun pa. Ẹni tó ní sáírìn lórí ọkọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó so aṣọ sójà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ fèrèsé ọkọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, tó gba ẹ̀yìn wọlé nígbà tí àwa tò, ó ní tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní fóònù ti sọ fún yín pé ọ̀nà dára. Ta ló sọ fún fóònù? N kò fi yín ṣẹ̀sín o. Ẹni tó fi ẹfun pa ríìmù rí ló ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọmọ mi obìnrin bímọ ní Èkó. Èmi ló yẹ kí n lọ wẹ ọmọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí, ó ní, "Màmá, ẹ wọ rélùwéè. Ṣebí ẹ fẹ́ràn rẹ̀." Mo dé ibùdókọ̀ Ìbàdàn, mo rí ilẹ̀ tó ń dán bí àwo, mo rí ọkọ̀ gbọọrọ funfun tó dúró láìmí, láìsí èéfín, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí n kò bá wọ̀ ọ́, ta ni yóò wẹ ọmọ ọmọ mi? Omidan kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá bá mi.

"Màmá, ẹ wọlé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Ọmọ mi, ta ló mú òrùka dání?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wa máa ń sọ ọ́. Ojú irin méjì la ní báyìí, mà. Ẹ wò ó. Èyí tó ń lọ ní tirẹ̀, èyí tó ń bọ̀ ní tirẹ̀. Iná ló ń ṣọ́ méjèèjì."

"Bí awakọ̀ bá ní òun kò rí ẹnikẹ́ni níwájú ńkọ́?"

"Bí iná bá pupa, á dúró, mà. Bó fẹ́, bó kọ̀."

Mo wo irin méjèèjì tí wọ́n tẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí ojú mi kò fi rí òpin wọn. Ríìmù kejì ni èmi ṣe nígbà èwe mi. Àwọn wọ̀nyí la ọ̀nà kejì. Mo wọlé, mo jókòó, mo gbá àpò mi mọ́ra. Ayé ti yí padà ju ohun tí Bàbá Àgbà lè ṣàpèjúwe fún wa, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn dáhùn bí ẹni pé Bàbá Àgbà ló kọ́ ọ.

A ti rìn jìnnà nígbà tí mo rí i níwájú láti ojú fèrèsé, níbi tí ojú irin ti tẹ̀, ọkọ̀ kan tó dojú kọ wá, tó ń sáré bọ̀. Mo di àga mú. Ariwo kan dé bí ìjì, fèrèsé gbọ̀n, ojú àwọn èèyàn kọjá lára mi fìrí, wọ́n ń lọ sí ibi tí àwa ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ tún farahàn, oòrùn sì tàn sí mi lójú.

Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́: "Ọ̀nà ti là."