Gíláàsì Fèrèsé Ìyá Àgbà

Òórùn ìwé ìròyìn tó tutù ló jí mi lójú oorun ọ̀sán. Yíǹkì tó pò mọ́ omi ọṣẹ ni, ó máa ń ta èèyàn nímú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Nígbà tí mo gbórí sókè lórí àga, mo rí Mọ́rèníkẹ́, ọmọ ọmọ mi, níwájú fèrèsé pálọ̀ wa tó kọjú sí Liverpool Road. Àkísà ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá lọ fa ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi ya. Ó yẹ kí n bínú. Àmọ́ kí n tó ya ẹnu, òórùn náà ti gbé mi lọ sí Amukòkò, níbi tí mo ti dàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí fèrèsé yín jẹ́ gíláàsì gbàgìdì kan tí ẹ ń tì síwá tì sẹ́yìn, ẹ ò mọ ìyà fèrèsé lúfà. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n á tò ó léra bí páànù orí ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan sì ń gba eruku tirẹ̀. Èéfín tírélà tó ń bọ̀ láti Wharf Road, eruku títì, èéfín ẹja tí ìyá Ese, alájọgbé wa, ń yan lẹ́yìnkùlé, ara fèrèsé wa ni gbogbo wọn ń wá sinmi sí.

Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, kì í fi fèrèsé yẹn ṣeré. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ti ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn òyìnbó ní Àpápá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí gíláàsì ṣe ń dán. Ṣùgbọ́n ohun tó ká wọn lára jù ni bàbá mi, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wọn. Wáàfù, ní èbúté ọkọ̀ òkun, ni bàbá mi ti ń kó ẹrù, iṣẹ́ tí èèyàn ń lọ tí ará ilé kì í lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà á jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n á máa wo ìkóríta. Wọn kì í fẹnu kan oúnjẹ. Ìgbà tí wọ́n bá ké pé, "Bàbá yín ti dé o!" ni màmá mi máa ń gbé ìkòkò ka iná, ìgbà yẹn náà ni ara gbogbo ilé tó máa ń balẹ̀.

Èmi àti Ese, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Urhobo tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, la máa ń nu fèrèsé náà láàárọ̀ Sátidé. Òfin Ìyá Àgbà pọ̀. Kí oòrùn tó mú ni, torí oòrùn máa ń gbẹ omi mọ́ gíláàsì, ìlà á sì kù síbẹ̀. Ọṣẹ ò gbọdọ̀ pọ̀. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni omi ń ro sí. Àkísà la fi ń fọ̀ ọ́, ìwé ìròyìn tí a ti fọwọ́ rún la fi ń gbẹ ẹ́. Èmi máa ń wà nínú ilé, màá nu tèmi láti òkè wá sílẹ̀. Ese máa ń wà níta, á nu tirẹ̀ láti ọ̀tún lọ sósì. Tí ìlà bá kù, bó ṣe dúró ló máa sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ọgbọ́n yìí gbà wá lọ́wọ́ ìjà púpọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún kan ni ọgbọ́n náà kùnà. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. "Èéfín ṣì wà lára gíláàsì yìí. Ẹ tún un nù." A tún un nù, a tún un nù, èéfín náà ò lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò dúró bí ìlà tèmi tàbí ti Ese. Mo ní Ese ni. Ese fọwọ́ lé ìdí: "Na lie! My side dey clean, abeg. Tìẹ ni kó o lọ wò!" Báyìí la bínú síra wa. Kò fún mi ní orí ẹja mọ́, èmi náà ò sì kí i nídìí ẹ̀rọ omi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ké pé bàbá wa ti dé. Màmá mi gbé ìkòkò kaná, a sáré jáde, àfi fọkanáísà tó ń yí táyà lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. "Gíláàsì yẹn ni," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ese fi ìbínú yọ gíláàsì kan nínú irin rẹ̀, ó gbé e jáde síta. "Make Mama come see am for sun." Gíláàsì náà mọ́ débi pé mo ń ka ìpéǹpéjú Ese láti òdì kejì. A gbé e fún Ìyá Àgbà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé e sójú.

"Èéfín wà níbẹ̀."

Ese rọra gba gíláàsì náà kúrò níwájú wọn. "Ẹ wá wò ó báyìí, Mama."

Ìyá Àgbà wo ògiri, wọ́n wo aṣọ tí a sá sórí okùn. "Ó ṣì wà níbẹ̀." Wọ́n wá ọwọ́ Ese kàn, wọ́n dì í mú. "Tọ́mọ mi bá ń bọ̀ wálé, mi ò ní rí i mọ́." Mo bú sẹ́kún, Ese náà bú sẹ́kún, ibẹ̀ ni ìjà wa parí sí.

Dókítà ní awọ ló bo ẹyinjú wọn, pé ó ṣeé ká kúrò. Kí wọ́n tó ti ọsibítù dé, èmi àti Ese la jókòó sídìí fèrèsé dípò wọn. Ọjọ́ tí wọ́n dé, tí wọ́n sì tú báńdéèjì, wọ́n jókòó, wọ́n wo gíláàsì tí a ti nù títí apá fi ń dùn wá.

"Ọwọ́ ọ̀bùn wo lèyí," ni Ìyá Àgbà wí, "nígun ìsàlẹ̀ níbí?"

Mi ò tíì gbọ́ èébú tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ese ń fò sókè, màmá mi ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tèmi sì ni ọwọ́ ọ̀bùn náà.

Wọ́n ti lọ báyìí, Ìyá Àgbà àti bàbá mi. Wọ́n ti wó ilé yẹn, wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Sàpẹ́lẹ́ ni Ese wà, orí fóònù la ti ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Inú fóònù náà ni ìwé ìròyìn kó lọ, kò sì sẹ́ni tó lè rún fóònù nu gíláàsì. Àmọ́ èéfín tírélà ṣì wà. Ìdúró-de-ọmọ náà ṣì wà: wáàfù ni ọmọ mi obìnrin, ìyá Mọ́rèníkẹ́, ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde, ìdí fèrèsé yìí ni mo sì ń jókòó sí títí á fi wọlé.

"Grandma, mo ti ṣe tán o."

Mo wò ó. "Èéfín ṣì kù síbẹ̀, lápá ọ̀tún."

Ó súnmọ́ ọn, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, Grandma."

Mo ti fẹ́ bá a jiyàn. Mo dìde dípò bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ ara mi ti fèrèsé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Afẹ́fẹ́ wọlé, ariwo títì wọlé, mo wo ìkóríta pẹ̀lú ojú lásán. Èéfín náà wà níbẹ̀.

"Mọ́rèníkẹ́," ni mo wí, "lọ́la, ìwọ àti màmá ẹ ẹ máa mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Ní báyìí, wá jókòó tì mí, kó o bá mi wo ọ̀nà."

Ó jókòó, ó di ọwọ́ mi mú, òórùn ìwé ìròyìn ṣì wà níka rẹ̀. A jókòó títí oòrùn fi rọ̀, kí Mọ́rèníkẹ́ tó ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Mummy ti dé o!"

Mo ní kó lọ gbé ìkòkò ka iná.