Ọjọ́ Tí Iná Ìjàpá Ìyá Agbẹ̀bí Tàn

Mo rántí pé aṣọ ọmọ ni mo ń sá lẹ́yìnkùlé ilé tí a ń gbé ní Muṣin nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin. Mo nu ọwọ́ sára ìró, mo wo fóònù, mo rí i pé ọ̀gá mi ni. Láti ìgbà tí mo ti bímọ kò pè mí rí.

Iṣẹ́ riwáyà ni mo ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó lóyún, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wa. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kí n gba fíríìdọ̀mù ni ikùn mi tóbi débi pé n kò lè wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́, ọ̀gá sì ní kí n lọ sinmi. Nígbà tí mo gbé ọmọ lọ fi hàn án, ó gbàdúrà fún un dáadáa, ó wá sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ padà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta mìíràn gbáko! Ó ní ọwọ́ tó ń fọ ìlédìí ti gbàgbé wáyà. Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó sunkún.

“Ìyá agbẹ̀bí wà níbí,” ohun tó sọ lórí fóònù nìyẹn, kò tiẹ̀ kí mi. “Wọ́n ní àfi ìwọ. Gbé ìwé ẹ dání.”

Ìyá agbẹ̀bí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Yábàá ni wọ́n ń gbé. Ọkọ̀ kékeré pupa kan ni wọ́n ní, irú èyí tí a ń pè ní Ìjàpá torí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí rogodo. Ọkọ̀ náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ìwé tí ọ̀gá ń sọ ni ìwé ilé ìwé mi kan tí mo máa ń ya wáyà sí. Sáyẹ́ǹsì ni mo ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì, ohun tí mo bá sì fọwọ́ kàn, àfi kí n yà á. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sọ mí ní Tísà torí ẹ̀. Nígbà kan tí a tú súìsì Ìjàpá náà, mo kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ.

Mo pọn ọmọ, mo wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ ò bá rí mi nínú kẹ̀kẹ́ yẹn! Mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́kàn ara mi. Mo rò pé tí mo bá ṣáà ti ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ti ń bá ọkọ̀ náà jà. Tí wọ́n bá tan iná iwájú, á pọ́n bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán, iná tírafíkétọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn náà á sì máa pọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ súìsì lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó sú wọn, wọ́n fa wáyà tuntun láti inú bátìrì, wọ́n sì fi ìdè de súìsì ilé sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, irú èyí tí a fi ń tan iná yàrá.

“Bá mi wò ó,” ni Ìyá agbẹ̀bí wí fún mi bí mo ṣe wọlé. “Ṣé pálọ̀ ni wọ́n rò pé ọkọ̀ mi jẹ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́ wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. “Tísà, ṣé òun náà fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni? Ẹ fún un ní tẹ́sítà kó dì í mú.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó kéré tán, òun ò ní so súìsì yàrá mọ́ ọkọ̀.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá agbẹ̀bí na ọwọ́. “Gbé e wá. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ yìí ti gbà pọ̀ ju irun orí ẹ lọ.” Wọ́n gbé e, wọ́n lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo yọ súìsì yàrá dànù, mo wá súìsì ọkọ̀ gan-an jáde láàárín páńtí, mo dán an wò, kò ní àrùn kankan. Mo dá wáyà kọ̀ọ̀kan padà sí ibi tí ìwé mi wí. Omi ọyàn ti ń jò sára búláòsì mi, mo ń ṣe bí ẹni pé òógùn ni. Nígbà tí mo parí, mo ní, “Ẹ tan án.”

Àtùpà yẹn náà ni. Kò yí padà rárá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọ̀gá ń run pákò lẹ́nu. “Mo ti wí,” ló sọ, ó sì yíjú. Mo rí ọdún mẹ́ta níwájú mi bí ọ̀nà tí kò lópin. Ojú tì mí, torí mo mọ̀ nínú ara mi pé ìwé mi ni mo wá fi hàn wọ́n, kì í ṣe ọkọ̀ ni mo wá tún ṣe.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ké. Mo lọ jókòó ti Ìyá agbẹ̀bí láti fún un lọ́yàn. Kò sí ohun tí mo lè fi ọwọ́ ṣe mọ́, ló bá di ọ̀rọ̀ ẹnu.

“Màmá, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn, kí iná rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà?”

“Mo kùn ún ní ọ̀dà ni. Àbí o ò rí i bó ṣe ń dán? Láti ọ̀dọ̀ ọlọ́dà ni mo ti wà á wá síbí.”

“Ṣé ẹ sọ fún wọn?”

“Ta ló bi mí?”

Mo ṣí ìwé mi. Ìlà tó kẹ́yìn, èyí tí mo kọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ló wà níbẹ̀: wáyà búráùn, ara ọkọ̀. Iná tó bá kúrò nínú bátìrì, tó gba inú súìsì dé inú gílóòbù, ó gbọ́dọ̀ padà sínú bátìrì, irin ara ọkọ̀ sì ni ọ̀nà tó ń gbà padà. Ọlọ́dà ti tú iná iwájú, ó kun ibi gbogbo, ó wá de wáyà búráùn padà lórí ọ̀dà. Wáyà ò kan irin mọ́. Iná tí kò rí ọ̀nà ló ń rìn kiri inú tírafíkétọ̀.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sì ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọmọ, ẹ dìde.” A ṣí ìjókòó. Mo so wáyà gígùn kan mọ́ ẹnu nẹ́gátíìfù bátìrì, mo wọ́ ọ dé iwájú, mo fi kan wáyà búráùn apá ọ̀tún. Iná là yàà sára ògiri! Mo fi kan ti apá òsì, ìyẹn náà là. Ẹ̀gbọ́n tó dúró níwájú ọkọ̀ fi ọwọ́ bojú. “Ha! Tísà!”

Mo fi abẹ́ ha ọ̀dà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo fi sáńpépà gbo ó títí irin fi funfun, mo de wáyà padà, mo sì yọ ti gígùn kúrò. Iná ò rẹ̀yìn. Ìyá agbẹ̀bí na ọwọ́ wọlé, wọ́n tẹ hóònù kíkankíkan. Ọmọ mi tó wà léjìká wọn ò tilẹ̀ ta pútú.

Ọ̀gá yọ pákò lẹ́nu. Ó lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò kan ibi tí mo ha. “Ta ló kọ́ ẹ pé kí o bi ẹni tó ni ọkọ̀?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. “Oṣù mẹ́rin ló kù fún ẹ. Ọ̀la, aago mẹ́jọ. Máa gbé ọmọ náà dání.”

“Gbogbo yín lẹlẹ́rìí o,” ni Ìyá agbẹ̀bí wí.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, n kò sì ní fi bò fún yín, mo mọ iṣẹ́ mi. Ìwé wáyà mi ti di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣí èyíkéyìí nínú wọn, mo ní láti kọ́kọ́ bi ẹni tó wa ọkọ̀ wá pé kí ló ṣe sí i gbẹ̀yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi tó ti wà ní pírámárì kejì báyìí dé láti ilé ìwé, ó dijú mágbárí. Ẹnì kan ní kíláàsì wọn ní àwọn dádì ló ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ tún Ìjàpá Ìyá agbẹ̀bí ṣe?”

Mo ní, “Rárá o. Èmi àtìwọ ni.”

“Èmi? Kí ni mo ṣe?”

“Ìwọ lo jókòó lórí bátìrì,” ni mo wí fún un. “Àfi ìgbà tí a gbé ẹ dìde kí iná tó tàn.”