Iṣẹ́ Ogun Tí Kò Léwu

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sójà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nílé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá mi, ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ní Gàmbàrí, kò lè fà á padà mọ́. Ohun tó kù ni ká bá a wá iṣẹ́ tí ìbọn ò ti ní bá a.

Àwọn àgbà ilé bá jókòó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú rí ogun rí, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ẹnu! Ẹnìkan ní kó máa se oúnjẹ. Òmíràn ní rárá, ọjọ́ tí inú bá run ọ̀gá sójà, alásè ni wọ́n máa kọ́kọ́ yìnbọn fún. Wọ́n dárúkọ awakọ̀. Àbúrò bàbá mi ní ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n ń ri bọ́ǹbù mọ́. Afunfèrè ńkọ́?

"Ẹni tó máa dúró ṣánṣán, tó máa fun fèrè, nígbà tí gbogbo ayé ti dọ̀bálẹ̀?" Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi náà ló parí ọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó bá wọn ṣe ààfáà. Ta ló máa yìnbọn fẹ́ni tó ń gbàdúà?"

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ̀gbọ́n mi mọ Kùráánì dáadáa, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ààfáà àwọn sójà. Tí rédíò bá ń ka ìròyìn ogun, ìyá mi á ní, "Ọmọ tèmi ń kírun ní tiẹ̀ ni."

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé ilé wa gan-an ni wọ́n ti ń wá pe ẹni tó máa wẹ òkú ládùúgbò. Iṣẹ́ bàbá mi ni. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ń wẹ òkú lójú ogun. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀, òfìfo ọgbọ́n!

Ó padà dé láìfarapa. Ìyá mi yí i po, ó ń wá àpá, kò rí. A dúpẹ́ títí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ti ogun dé ló wá sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń kó òkú àwọn Mùsùlùmí wá nírọ̀lẹ́, èyí tó jẹ́ odidi àti èyí tí kì í ṣe odidi. Èyí tó bá ṣeé wẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò padà sídìí kéú mọ́. Ó ń ta èlò kẹ̀kẹ́ ní Táíwò. Tó bá ti gbọ́ pé ẹnìkan kú, á ti ṣọ́ọ̀bù, á wọkọ̀ lọ sóko wa ní Malété, ó di ìgbà tí wọ́n bá sin ín tán. Àwọn èèyàn ní kò láàánú. Mo ti bá ju ẹnìkan lọ jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun, bàbá mi kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti sọ tipẹ́ pé ọmọ òun ni kó wẹ òun. Ẹ̀gbọ́n mi ò lọ sí Malété. Ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, ó sì dúró.

"N ò lè wọlé," ó ní. "Ìwọ wọlé, màá máa sọ ọ́ fún ẹ."

N ò wẹ òkú rí. Àbúrò bàbá mi ń bá mi bu omi, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ níta.

"Ṣé omi yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́? Má ṣí aṣọ ìdí wọn o. Ṣe àlùwàlá fún wọn ná. Apá ọ̀tún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Rọra."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń ṣe é. Nígbà tí mo ṣe tán, mo sọ fún un.

"Ojú wọn ńkọ́?" ó béèrè. "Ṣé o dá wọn mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá wa ni," mo ní. "Bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n náà ni wọ́n wà."

"Alihamdulilahi," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.