Orúkọ Tí Rédíò Kò Pè

Títí dòní, bí mo bá ń kọjá ní Sapele Road tí rédíò ń ròyìn bọ́ọ̀lù, ìró ekùrọ́ nínú agolo ni mo máa ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá ti búra pé bí rédíò kò bá dárúkọ rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ télọ̀ ló kàn. Nílé wa ní àdúgbò Ogida, Ìyá ń ju ekùrọ́ kan sínú agolo nígbàkígbà tí rédíò bá pe orúkọ rẹ̀. Agolo náà kò dún tó.

Bàbá ní, "Àbí oorun ló lọ sùn níbẹ̀ ni?"

Ìyá ní, "Olówó orí mi, ẹ ní sùúrù. Wọn ò tíì fọn fèrè ìparí."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn alátakò ń sá fún ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, rédíò kì í sì í ròyìn ibi tí bọ́ọ̀lù kò dé.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sáré wọlé, ó ní: "Màmá, wọn ò rí ẹyọ kan gbá wọlé o!"

Bàbá na téèpù télọ̀ sí i.