Bátìrì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Raphael

Sùrájù, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mùíz, kì í bọ èèyàn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ásíìdì ló fà á. Ó ti jẹ ṣòkòtò rẹ̀ lójú ibi tó pọ̀ débi pé Rọ̀kíbátù ìyàwó rẹ̀ kò rán an mọ́. Àdúgbò Fola Agoro ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tọ́jú bátìrì: ti mọ́tò ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tanná, gba ìgboro.

Òfin kan ló ní. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé bátìrì rẹ̀ ti kú, àfi tí olóhun bá wà níbẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ di mítà tó ń wọn agbára iná mú. "Tí mo bá dá a wò, wọ́n á ní tuntun ni mo fẹ́ tà," ló máa ń wí.

Òfin yìí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ladi-Lak lọ́dún tó kọjá.

Mẹ́rin ni bátìrì ínfátà wa, wọ́n so wọ́n pọ̀ débi pé tí ọ̀kan bá kú, iná gbogbo wọn á kú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, ìdílé mẹ́rin ló fi wọ́n tọrẹ nígbà ìkórè, a sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ní Ìrántí Raphael" ni wọ́n kọ sára ẹ̀kẹta. Opó rẹ̀, Ìyá Ẹwàolúwa, ló fi í tọrẹ. Ní gbogbo Sátidé tó bá wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń fi aṣọ nu bátìrì náà títí á fi dán.

Nínú oṣù Kẹta, iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu ìwàásù. NẸ́PÀ á mú iná lọ, ínfátà á gbà á, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Èmi akọ̀wé ìjọ ni mo ka kókó àdúrà, mo sì gbà tọkàntọkàn pé Olúwa yóò dá sí i. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, iná kú kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀ rárá. A wá ránṣẹ́ pe Bàbá Mùíz.

Ó ṣí ọmọrí gbogbo wọn. Mẹ́ta ní omi. Nígbà tó kan ti Raphael, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó mi orí.

"Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi," ó ní, "odindi èèyàn lẹ̀ ń rì bọmi, ẹ wá jẹ́ kí bátìrì gbẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Díákónì Bámilóyè, tó ń bu omi sí wọn lóṣooṣù, kò rẹ́rìn-ín.

"Mo rò pé Ìyá Ẹwà ló ń bomi sí tiẹ̀ ni," ó ní. "Òun nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Ta ló fẹ́ máa tú ẹ̀bùn olóògbé wò?"

"Ṣé ó ti kú?" ni mo bi Bàbá Mùíz.

"Ẹ pe ìyá náà wá."

"Ẹ jọ̀ọ́," Díákónì ní, "ọdún kejì ikú ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀ yìí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó ṣáà jókòó síbẹ̀. Ẹ fi wáyà kan lé e lórí, kó dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò ní mọ̀."

Ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ mi. Mo tiẹ̀ ti ń wá ẹsẹ Bíbélì tí yóò tì í lẹ́yìn.

"Ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá yín so irú wáyà bẹ́ẹ̀," Bàbá Mùíz dáhùn. "Ẹ jẹ́ kó wá lọ́la."

Ó bu omi bátìrì sí i, ó sì gbé e sórí ṣájà di ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò fún un láyè. Nígbà tí Ìyá Ẹwà dé, Bàbá Mùíz gbé mítà fún un.

"Ẹ dì í mú, Màmá. Mélòó ló kọ síbẹ̀?"

"Méjìlá àti díẹ̀."

"Ó dáa lójú. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹrù lé e; èyí tó bá yè kò ní já wálẹ̀." Ó so gílóòbù iná iwájú mọ́tò mọ́ ọn.

"Mọ́kànlá," ni Ìyá Ẹwà ń kà. "Mẹ́wàá." Iná gílóòbù náà pọ́n. "Mẹ́jọ." Ó gbójú sókè. "Kí ló pa á?"

"Omi ló gbẹ nínú ẹ̀, Màmá. Ó sì ti pẹ́."

"Èmi tí mò ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ara ẹ̀ lẹ̀ ń nù. Inú ló ń gba omi. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún yín."

Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ fún un pé a ti fẹ́ fi pa mọ́ fún un.

Ó gbé mítà sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe nígbà àìsàn Raphael," ó ní. "Dókítà ti sọ fún yín pé kò ní yè é. Ẹ wá sọ fún mi pé ara rẹ̀ ti yá lórúkọ Jésù."

Òótọ́ ni. Mo wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni mo pè é nígbà náà. Mo ṣì ń gbàdúrà láràárọ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo lè pe ìyẹn nísinsìnyí.

"Ẹ gbé e lọ," Ìyá Ẹwà sọ fún Bàbá Mùíz.

Bàbá Mùíz gbé òmíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tó ti ṣiṣẹ́ tó àwọn mẹ́ta yòókù, torí kì í so tuntun mọ́ àlòkù. Ní Sátidé, Ìyá Ẹwà wọlé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù omi bátìrì. Díákónì na ọwọ́ láti gbà á.

"Ẹ jẹ́ n bá yín bù ú, Màmá."

"Rárá o. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún mi. Mo fẹ́ rí inú ẹ̀."