Ìparí Fíìmù

Nígbà tí mo ṣì ń fi fíìmù ya fọ́tò ní Kétu, a kì í gbé fíìmù lọ fún fífọ̀ àfi tó bá ti tán. Bí oníbàárà bá ń kánjú, tí fíìmù sì ṣẹ́kù díẹ̀, ìyàwó mi ni mo máa ń pè. Á nu ọwọ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá sì máa yà á títí fíìmù á fi tán. Ó máa ń sọ pé àjẹkù oníbàárà lòun ń jẹ.

Nígbà tó yá, kámẹ́rà díjítà dé. Wọ́n ní kò sí fíìmù rírà, kò sí fífọ̀, ìnáwó ti parí. Àmọ́ kámẹ́rà náà ò dá wá. Káàdì tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé káàdì. Nígbà tó ṣe, fóònù àwọn oníbàárà tó ń ti Magodo wá ń ya fọ́tò tó mọ́ ju tèmi lọ, ni mo bá tún ra kámẹ́rà òmíràn. Lẹ́ńsì ti àtijọ́ ò wọ tuntun. Káàdì àtijọ́ ò wọ kọ̀ǹpútà tuntun. Kámẹ́rà fíìmù mi rèé, láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ kíkọ́, okùn ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo pààrọ̀.

Nínú káàdì, kò sí ìṣẹ́kù tí èèyàn gbọ́dọ̀ yà tán. Mi ò pe ìyàwó mi síwájú kámẹ́rà mọ́. Òun náà ò béèrè.

Nígbà tó kú, fọ́tò rẹ̀ kún àpótí, àmọ́ ti ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn la gbé síwájú níbi ìsìnkú. Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń bọ̀, ọmọbìnrin mi wá kí mi. Ó ní àwọn kan bi òun lọ́jọ́ ìsìnkú bóyá àbúrò òun ló kú. Ó wo fọ́tò ìsìnkú náà tí mo gbé kọ́ sára ògiri pẹ́.

“Dádì, èyí kọ́ ni màámi tí mo mọ̀. Ẹ bá mi wá èyí tó ti hu ewú.”

Mo ní màá wá a.

Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ò tàn mọ́. Fóònù ìyàwó mi ti bàjẹ́ kó tó kú. Ó ku kọ̀ǹpútà tí mò ń lò. Pásípọ́ọ̀tù àwọn ẹlòmíì ló kún inú rẹ̀, àwọn aláta ní Mile 12, àwọn ọmọ iléèwé. Mò ń wò wọ́n lọ kí n tó rí ìka.

A máa ń ta aṣọ funfun sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù. Ìyàwó mi ló máa ń di aṣọ náà mú. Tí mo bá fẹ́ tẹ fọ́tò jáde, mo máa ń gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù, tọwọ́tọwọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, mi ò gé e. Ìka rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká àwọn ẹni ẹlẹ́ni, pẹ̀lú òrùka tí mo fi sí i lọ́wọ́.

Nínú ọ̀kan, ọmọ kékeré kan ò dúró jẹ́ẹ́. Ìyàwó mi yọjú lẹ́yìn aṣọ láti pa á lẹ́rìn-ín. Ààbọ̀ ojú rẹ̀ hàn. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, ewú sì hàn lẹ́bàá etí.

Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ó pè mí padà. Ó béèrè ọmọ ta ni. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣé màá gé e kúrò.

“Rárá. Òun ló mú ìyá rẹ yọjú.”

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Ó wà lára ògiri báyìí. Ẹni tó bá wọlé, ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń béèrè.